Epondo, Shanu àti Kọ́ńsúlù Casement: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Sí Àwọn Orúkọ Inú Ìjábọ̀ Kóńgò Ọdún 1903

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án ọdún 1903, òyìnbó kan jókòó ní abúlé Bosunguma, ní àdúgbò odò Lulonga, nínú igbó Kóńgò. Ọkùnrin gíga ni, irùngbọ̀n rẹ̀ dúdú. Àwọn ará abúlé pé yí i ká. Wọ́n fa ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde síwájú rẹ̀, ọmọ ọdún bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Epondo lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ti gé kúrò, àkísà ni wọ́n fi wé ibi tó kù, egbò náà ò sì tíì jinná tán. Òyìnbó náà béèrè pé ta ló ṣe é. Epondo tọ́ka sí Kelengo, ẹ̀ṣọ́ tí iléeṣẹ́ rọ́bà gbé kalẹ̀ sí abúlé náà pẹ̀lú ìbọn kó lè máa fipá mú wọn lọ wá rọ́bà. Kelengo ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ni àwọn ará abúlé bá pariwo pé irọ́ ló ń pa, òun gan-an ni.

Roger Casement ni òyìnbó náà, kọ́ńsúlù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kóńgò. Iṣẹ́ kọ́ńsúlù kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́. Ọ̀rọ̀ òwò, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bá kó sí wàhálà nílẹ̀ àjèjì, ìyẹn ni wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ó kọ orúkọ ẹ̀ṣọ́ náà, ó sì kọ orúkọ abúlé náà. Orúkọ wọ̀nyẹn ni mo fẹ́ tẹ̀lé láti Bosunguma dé Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ohun tí wọ́n fi ojú wọn rí ń dùn mí títí di òní.

Ọkùnrin náà

A bí Casement ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1864 ní Sandycove, létí òkun nítòsí Dublin, nígbà tí gbogbo Ireland ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Sójà ni bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ló sì ń lọ. Kátólíìkì ni ìyá rẹ̀, ó sì mú ọmọ náà lọ ṣe ìrìbọmi nínú ìjọ tirẹ̀ láìpariwo. Àwọn méjèèjì ti kú kí ọmọ náà tó pé ọdún mẹ́tàlá. Àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá rẹ̀ ní Antrim, lápá àríwá Ireland, ló gbà á tọ́. Kò dé yunifásítì. Ọ̀dọ́ ló ṣì wà nígbà tó di akọ̀wé ní Liverpool, ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster.

Àwọn àgbà wa mọ orúkọ yẹn dáadáa. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó gbòde, ọkọ̀ Elder Dempster ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lọ kàwé lókè òkun láti Èkó lọ sí Liverpool, àwọn tó wọ ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Aureol sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ wọn títí wọ́n fi darúgbó. Ní ọdún 1883, Casement kúrò nídìí tábìlì ìkọ̀wé, ó wọ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà tí à ń pè ní Bonny, òun ló ń tọ́jú owó àti ẹrù inú rẹ̀, ó sì gba etíkun Áfíríkà wá. Nígbà tó fi máa di 1884, ó ti wà ní Kóńgò.

Ogún ọdún gbáko ló fi mọ ilẹ̀ náà kó tó kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ tí ayé gbọ́. Ó bá wọn wọn ilẹ̀ tí ojú irin yóò gbà, ó bá àwọn míṣọ́nnárì Baptist ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà tí òyìnbó mìíràn máa ń ní kí wọ́n gbé òun kọjá. Ní Matadi ní ọdún 1890, òun àti atukọ̀ kan, ọmọ Poland tó ń jẹ́ Joseph Conrad, jọ gbé yàrá kan náà. Conrad sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òun rí i tó wọ inú igbó pẹ̀lú ọ̀pá lásán lọ́wọ́ àti ajá méjì lẹ́yìn, tó sì jáde wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀ bí ẹni pé ó lọ ṣeré ìrọ̀lẹ́. Láti 1892 sí 1895, ó ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kàlàbá, ó ń ya àwòrán ilẹ̀, ó sì ń bójú tó owó ibodè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di kọ́ńsúlù, ní Lourenço Marques ní 1895, ní Luanda ní 1898, ní Kóńgò ní 1900.

Oko ọba Leopold

Ní ìpàdé Berlin, láti 1884 wọ 1885, àwọn alágbára Yúróòpù gbà kí Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀m, mú Kóńgò. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m ni wọ́n fún. Leopold fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún, bí ẹni fún ènìyàn ní oko. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tí Dunlop ṣe táyà tó ń lo afẹ́fẹ́ ní Belfast ní ọdún 1888, rọ́bà di ohun tí gbogbo ayé ń wá. Rọ́bà Kóńgò kì í ṣe èyí tí ènìyàn gbìn. Inú ìtàkùn igbó ni oje rẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wọ igbó lọ gé e, bí ìtàkùn tó wà nítòsí bá sì tán, kó lọ jìnnà sí i. Ìjọba Leopold sọ gbogbo ilẹ̀ tí ilé tàbí oko kò sí lórí rẹ̀ di tirẹ̀, ó pín lára rẹ̀ fún àwọn iléeṣẹ́, ó sì ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan máa fi rọ́bà san owó orí. Ọkùnrin tí rọ́bà rẹ̀ bá dín, wọ́n á nà án ní chicotte, pàṣán tí wọ́n fi awọ erinmi ṣe. Tàbí kí wọ́n kó ìyàwó rẹ̀ tì mọ́lé títí rọ́bà yóò fi pé. Àwọn ọ̀gá òyìnbó kò fẹ́ kí sójà fi ọta ìbọn ṣòfò, wọ́n ní kí wọ́n mú ọwọ́ òkú wá fún ọta kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yìn. Sójà tó bá fi ọta pa ẹran jẹ nínú igbó, ọwọ́ ẹni tó wà láàyè ló máa gé láti fi ṣírò.

Ní ọdún 1895, rọ́bà igbó gbòde nílẹ̀ Yorùbá náà. Èyí tó gba Èkó kọjá lọ́dún yẹn nìkan lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n. Wọ́n dá igi náà lára débi pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ gbẹ láàárín ọdún díẹ̀, ìyẹn sì burú fún igbó wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ru rọ́bà dé ọjà, owó ló mú lọ sílé. Irú òwò bẹ́ẹ̀ ni Casement mọ̀ láti Kàlàbá, èyí tí àwọn onílé ń ná ọjà tí wọ́n sì lè kọ̀ bí owó kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi ṣeé ṣe láti fi orúkọ òwò tan án jẹ.

Akọ̀wé mìíràn ní Elder Dempster ti fura kí Casement tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀. E. D. Morel ni wọ́n ń rán lọ sí èbúté Antwerp lọ wo ẹrù àwọn ọkọ̀ Kóńgò. Ó rí i pé rọ́bà àti eyín erin ló ń kún inú ọkọ̀ bọ̀, ìbọn àti ọta ló sì pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó padà lọ. Kí ni wọ́n wá fi ń ra rọ́bà? Kò sí ìyá ọlọ́jà kan ní Dùgbẹ̀ tí yóò wo ẹrù yẹn tí kò ní mọ̀ pé wọn ò ra nǹkan kan, wọ́n ń gbà á ni. Morel fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Ariwo rẹ̀ àti ti àwọn míṣọ́nnárì dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn aṣòfin sì fohùn ṣọ̀kan ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1903 pé kí ìjọba gbé ọ̀rọ̀ Kóńgò dìde. Iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè bá ránṣẹ́ sí kọ́ńsúlù wọn pé kó wọ inú ilẹ̀ náà lọ, kó lọ wò ó.

Lórí odò

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ó kúrò ní Matadi. Nígbà tó dé òkè odò, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ló mú kí gbogbo èyí tó kù ṣeé ṣe. Ó kọ̀ láti wọ ọkọ̀ ìjọba Leopold. Lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Baptist ti Amẹ́ríkà ló ti háyà ọkọ̀ kékeré kan, Henry Reed. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ìjọba ni, ibi tí ìjọba bá fẹ́ ló máa gúnlẹ̀, àwọn ènìyàn tí ìjọba bá kó wá ló sì máa bá a sọ̀rọ̀. Pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀, ó lè yà sí abúlé tí ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ọ̀pọ̀ ìwádìí ló ti kú láti orí ọkọ̀ tí olùwádìí gbà láti wọ̀.

Ó ti gba ojú odò yẹn kọjá ní 1887, kò sì gbàgbé ohun tó rí nígbà náà. Bolobo jẹ́ ìlú ńlá tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó 40,000 láyé àtijọ́. Ní 1903, wọn kò ju 7,000 tàbí 8,000 lọ. Lukolela tó ní ènìyàn 5,000 ní 1887 kò ní tó 600 mọ́. Casement kò fi gbogbo rẹ̀ dá ẹnì kan lẹ́bi. Ó kọ ọ́ kedere pé àìsàn oorun ń pa àwọn ènìyàn, ó sì yin ojú irin àti àwọn ilé tó dára tó rí lójú ọ̀nà. Mo mọyì ìyẹn púpọ̀. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́ nípa ohun tó burú kò gbọdọ̀ fi ohun tó dára pamọ́.

Nítòsí Bolobo ló ti bá àwọn asásálà pàdé, àwọn tó sá kúrò ní agbègbè adágún tí wọ́n fi orúkọ Leopold pè, tó ń jẹ́ Mai-Ndombe lónìí. Wọ́n ṣàlàyé fún un bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣe ń lọ kí agbọ̀n rọ́bà ogún tó pé, bí àwọn obìnrin kò ṣe ráyè ro oko mọ́, bí ebi ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ẹkùn ṣe ń pa àwọn ọkùnrin tó lọ jìnnà jù nínú igbó. Wọ́n ní àwọn bẹ òyìnbó pé rọ́bà ti tán, òyìnbó sì ní kí àwọn máa lọ, pé ẹranko ni àwọn, pé "nyama" ni àwọn. Ẹran ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹran jíjẹ.

Ní adágún Mantumba, ó lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Ikoko ń tọ́ àwọn ọmọbìnrin kan tí ogun rọ́bà sọ di aláìlóbìí. Bikela wà nínú wọn, Sekolo wà níbẹ̀, Elima náà wà níbẹ̀. Casement ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́: bí wọ́n ṣe sá sínú igbó, bí àwọn sójà ṣe rí wọn, bí wọ́n ṣe pa àwọn ẹbí wọn. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí wọn. Gbólóhùn wọn kúrú, wọn kò sì fi omijé kún un. Èyí ló mú kó ṣòro láti kà tán lẹ́ẹ̀kan.

Ní Bongandanga, lórí ilẹ̀ iléeṣẹ́ rọ́bà tó ń jẹ́ ABIR, wọ́n fi "ọjà rọ́bà" hàn án ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ. Ó kà wọ́n. Ọkùnrin 242 ló gbé rọ́bà wá, wọ́n tò wọ́n bí ẹlẹ́wọ̀n, nǹkan bí ogún ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn sì yí wọn ká. Nínú ìwé tó ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, ó ní ẹni tó bá pe irú èyí ní òwò ti pa irọ́ dé òpin. Lọ́jọ́ kejì ó tún rí ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé mẹ́rìndínlógún tí wọ́n so mọ́ra. Ó bá wọn dá sí i, wọ́n tú àwọn ọmọdé sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ sí àtìmọ́lé.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ti Bosunguma àti Epondo. Casement mú ẹjọ́ Kelengo dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ní Coquilhatville, ìlú tó ń jẹ́ Mbandaka báyìí. Lẹ́yìn náà ló yí ọkọ̀ padà. Ó mọ̀ pé òun ti kọjá ààlà iṣẹ́ kọ́ńsúlù, pé òun ti di olùfisùn ìjọba tí wọ́n rán òun sí, kò sì ní bójú mu kí òun tún máa jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ wọn. Ó kọ lẹ́tà tó le sí gómìnà àgbà ní Boma, ó sì múra àtipadà sí ilé.

Ọmọ Ọ̀tà ní Boma

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọmọ wa kan wà nínú ìtàn yìí tí àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń fò kọjá.

Ní Ọ̀tà ni wọ́n bí Hezekiah Andrew Shanu ní ọdún 1858. Ọ̀dọ̀ àwọn CMS ló ti kàwé, ó sì ṣe tíṣà ní Èkó. Ní 1884, ọdún tí Casement dé Kóńgò, òun náà lọ síbẹ̀, ó wọ iṣẹ́ ìjọba Leopold. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbọ́ Faransé, ó di ògbufọ̀ lọ́dọ̀ gómìnà ní Boma, wọ́n sì gbé e ga débi tí kì í sábà kan ènìyàn dúdú níbẹ̀. Ní 1893 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá òwò sílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù, ilé aránṣọ, ilé àlejò. Ó tún jẹ́ ayàwòrán tó mọ iṣẹ́, wọ́n sì tẹ àwòrán tó yà jáde ní Bẹ́ljíọ̀m. Ó lọ sí Bẹ́ljíọ̀m ní 1894, ó fi ọmọ rẹ̀ sí ilé ìwé níbẹ̀. Ní kúkúrú, ènìyàn tí ọ̀nà ti là fún ni. Ìjọba Leopold fẹ́ràn rẹ̀, àwọn òyìnbó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó, Accra àti Sàró ló ń ṣiṣẹ́ ní Kóńgò nígbà náà, ní ojú irin, ní èbúté, nínú iṣẹ́ ológun. Nítorí pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú wọn wà, kọ́ńsúlù ló yẹ kó gbèjà wọn. Shanu ni ó ń sọ ìyà tí wọ́n ń jẹ wọ́n fún Casement. Casement wá so ó pọ̀ mọ́ Morel. Shanu tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: ó rí ìwé ilé ẹjọ́ gbà nípa àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, pàápàá ẹjọ́ Caudron, ẹni tí wọ́n ní ó pa ó kéré tán ènìyàn 122, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Morel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé ìjọba Leopold fúnra rẹ̀ ló wá ń jẹ́rìí takò ó.

Nígbà tó tún ń wá ìwé púpọ̀ sí i, ọ̀gá ọlọ́pàá Boma mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ọ, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, òwò rẹ̀ bá wó. Ní oṣù keje ọdún 1905, Hezekiah Shanu pa ara rẹ̀. Ọkùnrin tó kúrò nílé lọ sí ilẹ̀ àjèjì láti wá ire, tó sì rí i, ló fi gbogbo rẹ̀ lélẹ̀ nítorí àwọn tí kò mọ̀ rí. Wọ́n kọ́ ère fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò ṣe ìdajì ohun tó ṣe.

Lọ́ńdọ̀nù

Casement gúnlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1903, kò sì tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi parí ìjábọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ni déètì tó wà lórí rẹ̀. Nínú oṣù kan náà ló fojú kan Morel fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ títí wọ inú òru.

Ìjábọ̀ náà kún fún orúkọ: orúkọ abúlé, ti ẹlẹ́rìí, ti ẹ̀ṣọ́, ti àwọn òyìnbó tó pàṣẹ. Èyí sì ni ó ba àwọn kan lẹ́rù. Phipps, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Brussels, kò fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde rárá. Nígbà tí Lọ́ńdọ̀nù pinnu pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ àwọn orúkọ kúrò. Nítorí náà, nígbà tó jáde ní oṣù kejì ọdún 1904, abúlé kan di N pẹ̀lú ìràwọ̀ kéékèèké mẹ́ta, òmíràn di L pẹ̀lú ìràwọ̀ mẹ́ta. Àwọn ọmọbìnrin Ikoko di R.R., S.S., U.U. "Èmi, R.R., wá láti N***": bí ẹ̀rí wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lójú ìwé.

Ẹni tó bá ní orúkọ nínú àṣà tiwa mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Àwọn sójà ti pa ẹbí rẹ̀, wọ́n ti dá ilé rẹ̀ rú, orúkọ rẹ̀ àti ti ìlú rẹ̀ ló ṣẹ́kù tó fi jẹ́rìí. Wọ́n sì bo àwọn òyìnbó tó pàṣẹ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àmì kan náà, bí ẹni pé ọ̀kan náà ni ẹni tí wọ́n ṣe níkà àti ẹni tó ṣìkà.

Casement bínú gidigidi. Ó ní wọ́n ti ba iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì ń sọ pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ń bẹ̀rù ló ṣẹlẹ̀. Ìjọba Leopold dáhùn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ Epondo ni wọ́n sì dì mú. Wọ́n ti tún ọmọ náà bi léèrè lẹ́yìn tí kọ́ńsúlù lọ, ó wá sọ pé kì í ṣe Kelengo, pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ló bu òun lọ́wọ́ jẹ. Wọ́n gbé ìyẹn kárí Yúróòpù pé ẹ wò ó, kọ́ńsúlù Gẹ̀ẹ́sì gba irọ́ ọmọdé gbọ́. Casement dúró lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, èmi náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà sọ ti àkọ́kọ́ níwájú gbogbo abúlé rẹ̀, Kelengo sì dúró níbẹ̀. Ó sọ ìkejì lẹ́yìn tí ọkọ̀ kọ́ńsúlù ti lọ, tí ìbọn sì ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ìjábọ̀ náà kò kú. Ní oṣù kẹta ọdún 1904, Morel dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún àtúnṣe Kóńgò sílẹ̀ ní Liverpool. Casement kò lè gbé orúkọ rẹ̀ síwájú nítorí iṣẹ́ ìjọba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi 100 pọ́n-ùn ránṣẹ́, owó tó pọ̀ fún kọ́ńsúlù tí kò lówó. Alice Harris, ìyàwó míṣọ́nnárì tó wà ní Baringa, ya àwòrán bàbá kan tó ń jẹ́ Nsala tó jókòó tó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ohun tó kù lára rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé àwòrán bẹ́ẹ̀ káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń fi iná hàn án lára ògiri.

Leopold rán ìgbìmọ̀ ìwádìí tirẹ̀ lọ, adájọ́ mẹ́ta, ó retí pé wọn yóò wẹ òun mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n sì gbọ́. Olóyè Lontulu ti Bolima wá síwájú wọn, ó kó ìṣẹ́pá igi 110 sórí tábìlì wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kan tí wọ́n pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ wọn bó ṣe ń kó wọn kalẹ̀. Nígbà tí ìjábọ̀ ìgbìmọ̀ náà jáde ní ìparí 1905, ó ti ohun tí Casement sọ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn jẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Inú àpótí ìwé ní Brussels ni wọ́n tì í mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 1908, orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ ọba wọn. Ìyà kò tán lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n oko ọba kan ṣoṣo tán.

Ohun tó kù nínú ayé rẹ̀

Wọ́n gbé Casement lọ sí Bràsíl: Santos ní 1906, Pará lẹ́yìn rẹ̀, kó tó di kọ́ńsúlù àgbà ní Rio de Janeiro. Ní 1910 wọ́n tún rán an nítorí rọ́bà, sí Putumayo nínú igbó Amazon, níbi tí iléeṣẹ́ Julio César Arana, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ń pa àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ní ìpakúpa. Àwọn ọmọ Barbados tí iléeṣẹ́ náà gbà ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ló fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, nítorí ọmọ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n. Ọ̀nà kan náà ló lò: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀, kí ó kọ ọ́. Ọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè "Sir" dá a lọ́lá ní 1911.

Ó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pé inú igbó Kóńgò, níbi tí òun ti rí Leopold, níbẹ̀ gan-an ni òun ti rí ara òun, pé ọmọ Ireland ni òun. Ẹni tó ti rí i bí wọ́n ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ kò lè padà sílé kó má rí i níbẹ̀. Ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1913, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń wá òmìnira Ireland. Nígbà tí ogun àgbáyé bẹ́, ó lọ sí Jámánì lọ wá ìrànlọ́wọ́ àti ìbọn. Kò rí ìdajì ohun tó wá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1916, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì já a sí etíkun Banna ní Kerry, àwọn ọlọ́pàá sì mú un lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi kàn án, lábẹ́ òfin ọdún 1351. Nígbà tí àwọn ènìyàn ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀mí rẹ̀, Arthur Conan Doyle sì wà nínú wọn, àwọn aṣojú ìjọba yọ ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ojú ewé tó kọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin sí han àwọn tó lẹ́nu ní ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà ráyè ṣàánú rẹ̀. Ìwé ọdún 1903 wà nínú àwọn ìwé yẹn, ìwé kan náà tó ka ọkùnrin 242 sí ní Bongandanga. Conrad, tó bá a gbé yàrá ní Matadi, kò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Wọ́n gba oyè "Sir" padà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 1916, wọ́n yẹgi fún un ní ẹ̀wọ̀n Pentonville, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà ẹ̀wọ̀n náà.

Ìgbà tó di 1965 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ kí egungun rẹ̀ padà sílé. De Valera, ààrẹ Ireland, ẹni ọdún 82, dúró nínú òtútù síbi ìsìnkú rẹ̀ ní Glasnevin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà.

Ní ọdún 2003, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìrìnàjò Henry Reed, wọ́n tẹ ìjábọ̀ Kóńgò jáde ní Dublin bí Casement ṣe kọ ọ́ gan-an. Àwọn ìràwọ̀ kúrò. Bikela wà níbẹ̀, Sekolo wà níbẹ̀, Elima náà wà níbẹ̀. Epondo ti Bosunguma wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ní ó gé òun lọ́wọ́.